Wíwá Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí n'Ìbàdàn, àti Bí A Ṣe Ń Bá Wọn Jókòó

Nínú ìlú tó tóbi bí Ìbàdàn, níbi tí ẹni tí ẹ bá pàdé ní Mọ́kọ́lá ti lè jẹ́ ìbátan ẹni tí ẹ jọ ń gbé ládùúgbò ní Àpáta, ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ọtí ti di bárakú fún lọ sí ìpàdé kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ jáwọ́. Ìtìjú ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí àwọn tó padà délé, ìròyìn á ti ṣáájú àwọn dé agboolé. Ìtọ́sọ́nà yìí yóò sọ bí ẹ ṣe lè rí ẹgbẹ́, bí ẹ ṣe lè wọlé síbẹ̀ àti bí ẹ ṣe lè dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àṣírí kò ní yé jẹ yọ nínú rẹ̀, nítorí pé lójú tèmi, òun ló sábà máa ń pinnu bóyá ènìyàn yóò padà lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹgbẹ́ tí mò ń sọ ni àpéjọ àwọn tí ọtí ti kó sí wàhálà rí, tí wọ́n ń jókòó pọ̀ lóòrèkóòrè láti sọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ́ ọ̀gá lórí ẹnìkejì. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ lágbàáyé ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1935, nígbà tí Bill Wilson, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ríra àti títa ìpín ìdókòwò, àti Bob Smith, tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ, rí i pé tí ọ̀mùtí méjì bá jókòó tí wọ́n ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wọn, ó máa ń ṣeé ṣe fún àwọn méjèèjì láti má fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. AA kì í gba owó ìwọlé tàbí owó oṣù, kò sí lábẹ́ ìjọ tàbí ìjọba kankan, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn ni pé kí ó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ìgbésẹ̀ 12 kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé; ìyẹn yàtọ̀ sí ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí èmi tò sísàlẹ̀ yìí.

Ẹni tó bá rò pé àṣà òyìnbó lásán nìyí, kí ó rántí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tó sì di gíwá níbẹ̀ ní 1968. Láti ọdún 1954, nígbà tó wà ní Aró l'Ábẹ́òkúta, ló ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé láàrin àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí wọn lọ́dọ̀ wọn, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, torí ó gbà pé àárín ènìyàn ni ara ènìyàn ti ń yá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ohun tí ẹ ń mu

Kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń mu ní tòótọ́. Ìgò bíà ńlá kan, tó jẹ́ 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú. Ọtí líle inú ọ̀rá kékeré 30ml, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100, ní nǹkan bíi gíráàmù 9 sí 10. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó fa ọ̀rá mẹ́ta mu ní gáréèjì Iwo Road kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kún ti mu ju ìgò bíà ńlá kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kà á mọ́ ọtí tó bá ń sọ iye tó mu. Páragà kò ṣeé ṣírò báyìí, torí bó bá ṣe wu ẹni tó ń tà á ló ń pò ó. Ẹ kàn kọ iye ìgbà àti iye ife sílẹ̀. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan láìfi ohunkóhun pa mọ́, láìsì tíì gbìyànjú láti dín in kù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní àwọn ìbéèrè 10 kan tí wọ́n pè ní AUDIT, tí dókítà lè bi yín tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lára ohun tó ń béèrè ni iye ìgbà tí ẹ ń mu, bóyá ẹ ti ń mu láàárọ̀ kí ara tó lè balẹ̀, bóyá ìgbà kan wà tí ẹ kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ àná, àti bóyá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ti bá yín sọ ọ́ rí. Máàkì 40 ló pọ̀ jù. Láti 8 sókè, ọtí náà ti ń di ewu. Tó bá tó 20, ó ṣeé ṣe kó ti di bárakú, ìgbésẹ̀ kejì sì kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ilé ìwòsàn ṣáájú ìpàdé

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo èyí. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró nínú yàrá rẹ̀, kódà bí ìwàásù bá ti wọ̀ ọ́ lára tó sì ti búra. Láàrin wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á máa bò ó, àyà á máa já, oorun á sì dá. Gìrì lè gbé e láàrin ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, iyè àwọn kan máa ń rá, wọ́n á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, àìsàn yìí sì lè pa ènìyàn bí kò bá rí ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé tó bá dé ibi rírí ohun tí kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, wọ́n á sì gbé e lọ sí orí òkè tàbí sọ́dọ̀ aláàfáà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì ná. Àdúrà kò ní kí dókítà má ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

N'Ìbàdàn, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí yé wọn jù ni ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Ẹ lè gba ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn aláìsàn tuntun wọlé, kí dókítà ibẹ̀ sì darí yín. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Adéọ̀yọ́ tàbí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín náà lè ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ̀wé darí yín síwájú. Tí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ìwòsàn Aró l'Ábẹ́òkúta ní ẹ̀ka àkànṣe fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ẹ sọ òtítọ́ iye tí ẹ ń mu fún dókítà, ẹ sọ ìgbà tí ẹ mu kẹ́yìn, ẹ sì sọ bóyá gìrì ti gbé yín rí, torí àwọn ìdáhùn yìí ni yóò fi mọ̀ bóyá kí ẹ sùn sílé ìwòsàn tàbí kí ẹ máa ti ilé wá. Ó lè fún yín ní oògùn tí yóò mú kí ara balẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú fítámì B1, tó máa ń ṣọ̀wọ́n lára àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọtí. Tó bá jẹ́ pé igbó tàbí tramadol ti dara pọ̀ mọ́ ọtí, àjọ NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, 0800 1020 3040, tí ẹ lè pè láti bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀.

Nǹkan méjì ni kí ẹbí yẹra fún. Èkíní ni dída ohun kan sínú ọtí tàbí oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, kí ọtí lè máa rí i lára. Ohun tó ń mú kí ènìyàn máa bì tó bá mutí lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ohun tó ṣe é tí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn. Èkejì ni àwọn ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de ènìyàn mọ́lẹ̀ lórúkọ pé wọ́n ń tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 200 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kan nílùú yìí. Ẹgbẹ́ tòótọ́ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni: ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi wọlé, òun náà lẹ ó fi jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Wíwá ẹgbẹ́ náà

Irú ẹgbẹ́ báyìí kì í gbé pátákó sójú títì. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín, tàbí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní medical social worker, torí àwọn ni wọ́n sábà máa ń mọ àwọn tó ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá tí wọ́n sì ń pàdé níbì kan. Ọ̀rọ̀ náà kò gba àlàyé gígùn. Ẹ kàn ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, mo sì ń wá àwọn tí a lè jọ máa ṣèpàdé. Ṣé ẹ mọ ẹgbẹ́ kankan tó ń jókòó n'Ìbàdàn?" Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá mọ̀, ẹ béèrè ẹni tó lè mọ̀, kí ẹ má sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìgba orúkọ ẹlòmíì tí ẹ lè lọ bá.

Ọ̀nà kejì ni íntánẹ́ẹ̀tì. AA ní ìkànnì aa.org, wọ́n sì ní áàpù kan tó ń jẹ́ Meeting Guide. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè ti pẹ́, nítorí náà ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ bá rí kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ àti àkókò náà ṣì dúró. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ sì béèrè bóyá ìpàdé náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí ẹ lè mú ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan dání, tàbí ó jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan.

Ó tún ṣeé ṣe láti ṣèpàdé lórí fóònù, nípasẹ̀ Zoom. Èyí wúlò púpọ̀ fún àwọn obìnrin, torí ìlú máa ń dárí ji ọkùnrin tó mutí ju bó ṣe ń dárí ji obìnrin lọ, bí a kò tilẹ̀ fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpàdé obìnrin nìkan náà wà. Bó bá jẹ́ ìpàdé tí wọ́n ń ṣe láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ṣọ́ aago: láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa dọ́gba. Ní àwọn oṣù yòókù, aago 8 tiwọn ni aago 9 tiwa. Ẹ lè pa kámẹ́rà, kí ẹ lo orúkọ kan ṣoṣo, kí ẹ sì kàn máa gbọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ, iná àti dátà kì í sì í fìgbà gbogbo ṣe tẹni.

Bí ẹ bá rí ju ẹgbẹ́ kan lọ, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má kọ́kọ́ lọ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Ẹni tó ń gbé ní Bódìjà lè lọ sí ti Challenge, kí ará Challenge sì lọ sí ti Ọ̀jọ́ọ̀. Owó ọkọ̀ á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn yín á balẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà tí ẹsẹ̀ kò tíì rinlẹ̀. Ẹ má fi mọ́tò tí gbogbo àdúgbò mọ̀ lọ. Ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó wí bí ojúlùmọ̀ bá béèrè ibi tí ẹ ń lọ: "Mò ń lọ sí ìpàdé" kì í ṣe irọ́, kò sì sí ará Ìbàdàn tí kò ní ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ẹ dé ṣáájú àkókò díẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí. Ìpàdé sábà máa ń gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Ẹnì kan á ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì á sọ ìtàn ara rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó bá fẹ́ á sọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í bá a wí, wọn kì í sì í gbà á nímọ̀ràn tí kò béèrè. Èyí á ṣàjèjì sí àwa tó jẹ́ pé tí ènìyàn bá sọ ìṣòro rẹ̀ tán, àgbà mẹ́ta á ti dìde láti là á lóye. Ẹ fara dà á. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tó ń gbọ́ ló ń jẹ́ kí ẹnìkan lè sọ ohun tí kò lè sọ níwájú ẹbí.

Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá kàn yín, ẹ lè ní, "Orúkọ mi ni Táyé, mo fẹ́ kàn gbọ́ lónìí," kò sì sẹ́ni tí yóò bi yín ní ìbéèrè kejì. Bí wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ owó kiri, ẹni tó ní lọ́wọ́ á fi sí i, ẹni tí kò ní á gbé e fún ẹni tó kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà owó fọ́ọ̀mù kí ẹ tó lè jókòó, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní AA, ẹ máa bá tiyín lọ.

Orúkọ nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, láìsí orúkọ bàbá àti láìsí oyè, kí a má bàa mọ ẹni tó jẹ́ olóyè, ọ̀gá báńkì tàbí dókítà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń nira fún wa, torí ọmọ ọdún 25 kò lè la ojú pe ẹni ọgọ́ta ọdún ní Rájí lásán kí ara rọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò sì sí òfin tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Rájí," "Àǹtí Bọ́lá," "Bàbá Rájí" ti tó, kò sì tú àṣírí kankan. Èyí tí kò yẹ ni "Alhaji," "Ọ̀gá," "Pásítọ̀" tàbí "Mọ́gàjí," torí ìwọ̀nyí ń fi ipò ènìyàn hàn, wọ́n sì ń mú kí àwọn yòókù máa ṣọ́ ẹnu.

Bí ẹ bá wọlé tí ẹ bá ẹni tí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ohun tó gbé yín débẹ̀ ló gbé òun náà débẹ̀. Ẹ kí i bó ṣe tọ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́la ní ọjà Dùgbẹ̀ tàbí níbi ìnáwó, ẹ má dárúkọ ìpàdé, ẹ má sì fi ojú sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ nínú ìpàdé, ẹ má sọ ọ́ fún ọkọ tàbí ìyàwó yín pàápàá. Ẹ lè sọ tiyín. Ti ẹlòmíì kì í ṣe tiyín.

Ẹ má fi ìpàdé kan ṣoṣo dá ẹgbẹ́ lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ kan lè máa sọ̀rọ̀ jù, òmíràn lè jẹ́ pé àwọn àgbàlagbà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó pinnu pé kò bá yín lára mu.

Onígbọ̀wọ́, ẹ̀sìn, àti ará ilé

Bí ẹ bá ti mọ ojú àwọn ènìyàn, ẹ wo ẹnì kan tó ti pẹ́ láìmutí, tí ìwà rẹ̀ wù yín, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ onígbọ̀wọ́ yín. Òun lẹ ó máa pè nígbà tí ọkàn bá ń fà sí ọtí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu tán. Ó sàn kí ọkùnrin mú ọkùnrin, kí obìnrin sì mú obìnrin. Onígbọ̀wọ́ kì í yáni lówó, kì í parí ìjà tọkọtaya, kì í sì í sọ pé kí ẹ ju oògùn tí dókítà kọ fún yín dànù.

Àwọn ìgbésẹ̀ 12 náà sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run, wọ́n sì fi kún un pé bí olúkúlùkù ṣe mọ̀ Ọ́n. Mùsùlùmí tó ń fi ọtí pa mọ́ nítorí pé èèwọ̀ ni, ọmọ ìjọ tí wọ́n ti fà kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, àti ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe lè jókòó lórí àga kan náà. Bí àdúrà tí wọ́n fi ń parí ìpàdé kò bá bá tiyín mu, ẹ dákẹ́ títí wọn á fi ṣe tán. Ẹ sì máa bá àsàlátù tàbí ìsìn yín lọ, torí ẹgbẹ́ kò gba àyè wọn.

Ìyàwó, ìyá tàbí ọmọ ẹni tó ń mutí náà ní ẹgbẹ́ tiwọn, tó ń jẹ́ Al-Anon, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Wọn kì í kọ́ni bí a ṣe ń fi ipá mú ènìyàn jáwọ́. Bí ará ilé yóò ṣe gbé ìgbé ayé tirẹ̀ láìfi gbèsè àti irọ́ bo ọ̀mùtí náà láṣìírí ni wọ́n ń sọ.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́ tó bá yín mu

Ènìyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ AA, ènìyàn méjì sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Àgbówó. Ẹ wá ẹnì kan nípasẹ̀ dókítà yín tí òun náà fẹ́ jáwọ́, kí ẹ mú ọjọ́ kan àti wákàtí kan tí kì í yẹ̀. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, tàbí gbọ̀ngàn kékeré ní ilé ìwòsàn àdúgbò, dára ju pálọ̀ ẹnikẹ́ni lọ, torí pálọ̀ ní onílé, onílé sì ní àlejò. Ọjọ́ Sátidé ni mo fara mọ́ jù, ní ọ̀sán. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀wàm̀bẹ̀ pọ̀ jù n'Ìbàdàn, ẹni tó bá sì ti jókòó sí ìpàdé láago 2 á ní ohun tó lè sọ bí wọ́n bá ń gbé ìgò kiri lábẹ́ àtíbàbà láago 5. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìlọ síbi ìnáwó, ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ má jókòó sí tábìlì àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, kí ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò má sì wọ́n lọ́wọ́ yín. "Dókítà ní kí n má mu" tó láti pa ẹnu ẹni tó ń fi dandan lé e mọ́.

Bí ẹ bá padà sídìí ọtí lójijì, ẹ pe onígbọ̀wọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e. Kò sí ẹgbẹ́ gidi tó ń lé ènìyàn nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ó bá níbẹ̀ ló sì ti gba ọ̀nà náà kọjá. Àmọ́ tó bá ti di pé ẹ tún ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ má dá a dúró fúnra yín kí ẹ lè tètè padà sípàdé. Ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà.